Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kì í ba oore inú ẹran jẹ́

Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri WhatsApp láàrin àwa ará Èkìtì pé ẹran màlúù tí a bá fi ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ sè ti di ìyàngbò, pé gbogbo oore inú rẹ̀ ti jóná. Irọ́ ni.

Ooru omi tó há sínú ìkòkò náà kì í jẹ́ kí omi tètè hó: omi náà máa ń gbóná tó bí i ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì kó tó hó, dípò 100. Ìyẹn ò tó sun ẹran. Epo tí a fi ń dín dòdò gbóná jù ú lọ dáadáa. Ẹran líle á rọ̀ láàrin ìṣẹ́jú 25 sí 35. Kí ẹni tó ń gúnyán tó sọ ọmọ odó kalẹ̀, ó ti jinná! Purotéènì àti èròjà irin inú rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Fítámì B díẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi ẹran, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìkòkò lásán. Ẹ má da omi yẹn nù, òun lẹ ó fi se ọbẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an, wọn ò sọ ọ́: ẹ má fipá ṣí ìdérí kí ooru tó jáde tán, ẹ má sì jẹ́ kí ìkòkò kún kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ata lílọ̀ tó ki á jó nísàlẹ̀. Ẹ dín in lọ́tọ̀, kí ẹ tó da ẹran àti omi rẹ̀ sí i.