Mágínẹ́ẹ̀tì gbé ọ̀bẹ yẹn, ìyẹn ò ní kó jẹ́ féèkì o

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì yìí délẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń rọ ọ̀bẹ tà ní ilẹ̀ wa á ti bá a pàdé: kọ́sítọ́mà á dé, á yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré látinú àpò, èyí tí wọ́n tú lára sípíkà tó ti bàjẹ́, á fi kan ara ọ̀bẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbà, ojú ẹ̀ á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe orijínà o, mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé sitéńlẹ́ẹ̀sì orijínà." Ó ti parí nìyẹn, iye tẹ́ ẹ pè á wá dà bíi pé ẹ fẹ́ jà á lólè. Àwọn wẹ́dà ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta irin ń sọ ọ́, àwọn ìyá tó ń ra ìkòkò náà ń sọ ọ́. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwa tá à ń ṣe ọ̀bẹ gan-an ti gbà á gbọ́, a wá ń gbé mágínẹ́ẹ̀tì lọ sí ọjà irin Òwòdè Onírin ní Èkó láti fi ṣa irin, èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá gbé la ń sanwó gọbọi fún.

Irin tí ò lè di ọ̀bẹ láéláé lẹ ṣà yẹn o.

Ẹ má jiyàn, ẹ lọ wo kíṣíìnì yín. Tẹ́ ẹ bá ní sẹ́ẹ̀tì ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tó dáa, èyí tí wọ́n tẹ 18/10 sí lẹ́yìn, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ṣíbí, kò ní dá a lóhùn. Fọ́ọ̀kì náà ò ní dá a lóhùn. Ẹ wá fi kan ọ̀bẹ inú sẹ́ẹ̀tì kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, páálí kan náà, á gbé e. Ṣé wọ́n wá fi féèkì sáàárín orijínà ni? Rárá o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo irin méjì ni, torí ṣíbí ò nílò kó mú, ọ̀bẹ nílò ẹ̀. Àbí ẹ ò tíì rí pátákó mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn kúùkù òtẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń kàn mọ́ ògiri, tí wọ́n á to ọ̀bẹ mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ? Ọ̀bẹ Wüsthof láti Solingen ní Jámánì, tí owó ẹ̀ lè ra òdidì ewúrẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, sitéńlẹ́ẹ̀sì sì ni, kábọ̀n (ohun tó ń mú kí irin le) 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kurómíọ̀mù (èyí tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún) bíi 15.

Sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe irin kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ irin di sitéńlẹ́ẹ̀sì ò ju kurómíọ̀mù lọ, tó bá ti tó nǹkan bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, á ta awọ fẹ́lẹ́ kan bo ara irin tí ojú ò lè rí, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Mágínẹ́ẹ̀tì ò bá kurómíọ̀mù ṣeré rárá, ọ̀rọ̀ bí irin ṣe to ara ẹ̀ nínú ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Irin tó bá gbóná gan-an máa ń tò lọ́nà kan tí mágínẹ́ẹ̀tì ò lè gbé. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kó tutù wàrà, tí kábọ̀n sì tó nínú ẹ̀, á tún ara ẹ̀ tò, kábọ̀n á há sáàárín, híhá yẹn ló ń mú kó le. Àtúntò yẹn náà ló ń mú kí mágínẹ́ẹ̀tì gbé e. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Nǹkan tó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ sitéńlẹ́ẹ̀sì le débi táá fi mú ló ń pe mágínẹ́ẹ̀tì wá bá a.

Sitéńlẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé ń pè ní orijínà, ìyẹn 304 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe irú irin náà), tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, táǹkì wàrà àti rélì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kurómíọ̀mù bíi 18 àti níkẹ́ẹ̀lì bíi 8 ló wà nínú ẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì yẹn kì í jẹ́ kí irin tún ara ẹ̀ tò tó bá tutù. Kábọ̀n ẹ̀ náà ò tó nǹkan, kò ju 0.08 lọ. Torí náà ẹ lè fi iná jó o kó pọ́n bí ojú ọ̀sán, kẹ́ ẹ rì í bọ epo, kẹ́ ẹ rì í bọ omi, kẹ́ ẹ gbàdúrà lé e lórí, ńṣe lá tún rọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pọ́n ọn á gé bébà, kọ́sítọ́mà á yìn yín, àmọ́ kó tó gé ẹran ọdún tán, ojú ọ̀bẹ á ti ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tún pọ́n ọn, á tún ká. Ọ̀bẹ ń dán gbinrin bíi dígí, kò lè gé tòmátì. Nígbà tó yá wọ́n á ní àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ò mọṣẹ́, ẹ̀ẹ́bó ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Kódà fún ohun tí ẹ rò pé tẹ́ẹ̀sì yẹn wà fún, ìyẹn láti mọ irin tí kì í dógùn-ún, irọ́ ló ń pa. Irin kan wà tó ń jẹ́ 201, wọ́n dín níkẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kù, wọ́n fi máńgánísì dípò kó má bàa wọ́n, mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé òun náà, ó sì máa ń yára dógùn-ún ju 304 lọ. Ẹ tún wo sínkì 304, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan àárín tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gbé e, ẹ wá kan igun tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ kó tó di sínkì, ó lè máa fà á díẹ̀díẹ̀. Irin kan náà o.

Kẹ́ ẹ sì wá wo ìtàn, sitéńlẹ́ẹ̀sì tí Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, yọ́ ní Sheffield ní ìlú Òyìnbó lọ́dún 1913, ihò ìbọn ló ń wá irin fún, kurómíọ̀mù 12.8, kábọ̀n 0.24. Ọ̀gá kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ, Ernest Stuart, ló fi fínígà dán an wò tó sì fún un lórúkọ yẹn. Irin ọ̀bẹ ni, irú èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé ni. Tá a bá fi tẹ́ẹ̀sì inú ọjà wa wò ó, sitéńlẹ́ẹ̀sì ti Brearley gan-an féèkì ni!

Àmọ́ ẹ má yí i padà sódì, kẹ́ ẹ wá máa ní "mágínẹ́ẹ̀tì gbé e, ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ̀bẹ." Mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé 430 tí wọ́n fi ń ṣe ojú fíríìjì àti ìkòkò pọ́ọ́kú, ìyẹn náà ò lè le. Ó ń gbé sípírìn mọ́tò tí kì í ṣe sitéńlẹ́ẹ̀sì rárá. Ọ̀nà kan tó dájú ni kẹ́ ẹ ra irin tó lórúkọ lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní ìwé ẹ̀: 420 tí kábọ̀n ẹ̀ tó, 440C, AEB-L, 14C28N. AEB-L yẹn, bíléèdì ìfárùngbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kábọ̀n 0.67, kurómíọ̀mù 13, tó bá dọ́wọ́ mi òun ni mo máa mú fún ọ̀bẹ kíṣíìnì, torí ó rọrùn láti pọ́n. 440C lórúkọ jù, àmọ́ ó máa ń fún ẹni tó bá ń fi òkúta pọ́n ọ̀bẹ níṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iná ẹ̀ yàtọ̀ ná. Sípírìn, tó bá ti kọjá ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ti jọ̀wọ́ ẹ̀ díẹ̀, ìyẹn bíi 770 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, ó ti ń tó rì bọ epo, ọgbọ́n yẹn lọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń lò, ó sì dáa. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ ju 1,000 lọ, AEB-L ń fẹ́ bíi 1,050 sí 1,080, kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìyẹ̀, nínú bébà irin, ìyẹn irin fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ fi wé e, kí atẹ́gùn má bàa jó kábọ̀n ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi pátákó alumíníọ̀mù méjì tẹ̀ ẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tún yan án ní bíi 175. Ẹwìrì àti èédú lè mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tani fẹ́ fi ojú lásán mọ 1,050 yàtọ̀ sí 1,120? Ẹni tí ò bá ní ovun iná tó ní mítà, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, kó fi sitéńlẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, kó máa fi sípírìn rọ ọ̀bẹ tó mú, kó sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó máa nù ún kó gbẹ, kó fi epo díẹ̀ pa á lára. Mo mọ iye ẹni tí ìyẹn máa bí nínú.

Tí kọ́sítọ́mà bá wá mú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé, ẹ má bá a jà. Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ là á sí méjì, ẹ da ojú ẹ̀ dé ara ọ̀bẹ yín, ẹ da ìkejì dé ọ̀bẹ sípírìn, kó di ọjọ́ kejì. Ti sípírìn á dúdú kọrọ̀kọrọ̀ níbi tí ọsàn ti kàn án, ti sitéńlẹ́ẹ̀sì á wà bó ṣe wà. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún un nípa bílíìṣì, tó bá rẹ ọ̀bẹ sínú ẹ̀ mọ́jú, á rí àmì ìdógùn-ún tóótòòtó lára ẹ̀, sitéńlẹ́ẹ̀sì yòówù kó jẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi dísìkì gíráńdà tẹ́ ẹ fi gé irin lásán gé sitéńlẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rún irin yẹn ló ń dógùn-ún lára ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dá yín padà. 304 tẹ́ ẹ ti rà sílẹ̀ ńkọ́? Kò ṣòfò, ẹ gé e wẹ́wẹ́ fún ìṣó àti òrùka èèkù, ibẹ̀ yẹ ẹ́ dáadáa.