Irọ́ ni pé òfin kò dáàbò bo ẹyẹlé igbó àti kannakánná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ló lè pa ẹyẹlé igbó tàbí kannakánná bó ṣe wù ú, torí òfin kò ka irú wọn sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Òfin Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 dáàbò bo ẹyẹ igbó, ẹyin wọn, àti ìtẹ́ tí wọ́n ń lò tàbí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ bíi pheasant, tí òfin ọdẹ mìíràn wà fún, ló yàtọ̀. Ìwé àṣẹ gbogboogbò (general licence), tó ń fàyè gba pípa irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé béèrè fún un, àmọ́ ó nídìí: kí ẹyẹlé igbó má bàa ba irè oko jẹ́ gidi, tàbí kí kannakánná má bàa jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ mìíràn run. Onílẹ̀ tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ ló sì wà fún. Pé ariwo ẹyẹ ò jẹ́ kéèyàn sùn kò sí níbẹ̀!

Wọ́n tiẹ̀ lè gba àṣẹ náà padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Natural England, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ náà, fagi lé mẹ́ta nínú wọn lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Wild Justice pè é níjà lábẹ́ òfin, kí tuntun tó jáde.

Ẹyẹ tó fara pa ńkọ́? Èèyàn lè mú un tọ́jú, kó sì tú u sílẹ̀ tó bá ti yá, bí kì í bá ṣe òun ló ṣe é léṣe lọ́nà àìtọ́. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.