Ilẹ̀ ni Móábù àti Ísírẹ́lì ń jà sí, wọn kì í ṣe ọ̀tá ayérayé

Bí oníwàásù bá dárúkọ Móábù, orílẹ̀-èdè àtijọ́ tó bá Ísírẹ́lì pààlà, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ni ọ̀tá àti ègún. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà ni pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni Ísírẹ́lì àti Móábù kò ti fojú rere wo ara wọn, pé wọn kò bá ara wọn tan, àti pé Ọlọ́run ní kí Ísírẹ́lì pa wọ́n run. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Òkúta tí ọba Móábù fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kọ̀wé sí kò sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ ṣí Diutarónómì 2:9. Àṣẹ tó wà níbẹ̀ ni pé kí Mósè má ṣe yọ Móábù lẹ́nu, kó má sì bá wọn jagun, torí pé Ọlọ́run ti fi Árì, ní ilẹ̀ Móábù, ṣe ìní fún àwọn ọmọ Lọ́ọ̀tì. Lọ́ọ̀tì yìí, baba ńlá Móábù, ọmọ arákùnrin Ábúráhámù ni. Àwọn tí wọ́n ní kí Ísírẹ́lì run wà ní orí 20 ẹsẹ̀ 17: Hítì, Ámórì, Kénáánì, Pérísì, Hífì, Jébúsì. Ẹ wá Móábù nínú wọn títí, ẹ ò ní rí i.

Ẹni tó mọ Bíbélì yóò fi orí 23 ẹsẹ̀ 3 dáhùn: ará Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa títí dé ìran kẹwàá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ 4: wọn kò gbé oúnjẹ àti omi pàdé Ísírẹ́lì lọ́nà, wọ́n sì fi owó bẹ aríran kan tó ń jẹ́ Báláámù lọ́wẹ̀ kó wá ṣépè. Àmọ́ nínú ìwé kan náà, orí 2 ẹsẹ̀ 28 àti 29, Mósè ń bẹ Síhónì ọba Ámórì kó ta oúnjẹ àti omi fún òun, kó sì jẹ́ kí òun kọjá, bí àwọn Móábù tó wà ní Árì ti ṣe fún òun. Jẹ́fútà, aṣáájú ogun Ísírẹ́lì, ní tiẹ̀ sọ nínú Àwọn Onídàájọ́ 11 pé ọba Móábù kò gbà kí wọ́n kọjá, ó sì tún bi ọba Ámónì bóyá Bálákì ọba Móábù bá Ísírẹ́lì jà rí. Ẹni tó bá fa ẹsẹ kan ṣoṣo yọ nínú gbogbo èyí, ohun tó wù ú ló máa bá bọ̀.

Òfin ìran kẹwàá yìí tún há síbì kan. Rúùtù ará Móábù bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì. Ìran mẹ́ta péré! Àwọn olùkọ́ òfin Júù rí wàhálà náà, wọ́n sì wá ojútùú sí i nínú Míṣínà, ìwé òfin wọn: wọ́n ní ọkùnrin Móábù ni òfin náà bá wí, kò kan obìnrin wọn.

Kí ni wọ́n wá ń jà sí? Odò Árínónì, tí wọ́n ń pè ní Wádì Mújíbù ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì lónìí, la òkè tó wà ní ìlà oòrùn Òkun Òkú sí méjì. Láti gúúsù rẹ̀ dé odò Sérédì ni ojúlówó ilé Móábù. Àríwá rẹ̀, ní agbègbè Médébà, ni ìjà wà, torí ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀, ó gba ọkà, ó gba àgùntàn, ọ̀nà àwọn oníṣòwò sì gba ibẹ̀ lọ sí Dámásíkù. Númérì 21:26 sọ pé Síhónì ló gbà á lọ́wọ́ ọba Móábù. Ísírẹ́lì gbà á lọ́wọ́ Síhónì, wọ́n sì pín in fún Rúbẹ́nì àti Gádì. Ísírẹ́lì wá ń sọ pé àwọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Móábù, Móábù ń sọ pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ẹni tó bá ti dé kóòtù ilẹ̀ rí mọ irú ẹjọ́ yìí.

Ẹnu Móábù fúnra wọn la ti gbọ́ apá tiwọn. Lọ́dún 1868, míṣọ́nnárì kan, Frederick Klein, rí òkúta dúdú kan ní Díbónì, ó ga tó mítà kan ó lé díẹ̀, ìlà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) ló wà lára rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Charles Clermont-Ganneau rán èèyàn lọ tẹ bébà tútù mọ́ ojú rẹ̀ kí lẹ́tà lè jáde sára bébà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí bébà tó gbẹ, wọ́n fà á ya sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gbé e sá lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn Bani Hamida tó ni àdúgbò dáná sí òkúta náà, wọ́n da omi tútù lé e, ó fọ́. Bébà tó ya yẹn ni wọ́n fi mọ ohun tó wà níbi tí òkúta ti sọnù. Ilé ọnà Louvre ní Paris ló wà báyìí.

Ọba Mẹ́ṣà, tí 2 Àwọn Ọba 3 pè ní olówó àgùntàn, ló ń sọ̀rọ̀ lára rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 840 ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní Ómírì ọba Ísírẹ́lì ni Móábù lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí pé Kémóṣì, òrìṣà Móábù, bínú sí ilẹ̀ rẹ̀. Ó gba Átárótì, ó sì sọ láìfi bò pé láti àtijọ́ ni àwọn ọkùnrin Gádì ti ń gbé ibẹ̀. Ó gba Nébò, ó pa ẹgbẹ̀rún méje (7,000) èèyàn, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún òrìṣà rẹ̀, bí Jóṣúà ti ya Jẹ́ríkò sọ́tọ̀ gẹ́lẹ́. Èdè tó fi kọ ọ́ sún mọ́ Hébérù bí ọ̀rọ̀ ará Ìjẹ̀bú ti sún mọ́ ti ará Ọ̀yọ́. Gbogbo ìlú tó dárúkọ pé òun gbà tàbí òun tún kọ́, àríwá Árínónì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Kò sọ pé òun gba Jẹrúsálẹ́mù tàbí Samáríà, kò tilẹ̀ jọ pé ó fẹ́ ẹ.

Ìjà náà le o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ni. Ísírẹ́lì sin Égílónì ọba Móábù fún ọdún méjìdínlógún (18). Dáfídì fi okùn wọn àwọn ará Móábù tó ṣẹ́gun, okùn méjì fún ikú, okùn kan fún ìyè. Dáfídì yìí kan náà ló ti gbé bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọba Móábù nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lépa rẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 22), ará Móábù kan tó ń jẹ́ Ítímà sì wà lára àwọn akọni rẹ̀ (1 Kíróníkà 11:46).

Nígbà tí Bábílónì sì sun Jẹrúsálẹ́mù níná ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn Júù tó rọ́nà sá lọ sí Móábù, Ámónì àti Édómù, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi gbọ́ pé wọ́n ti fi Gẹdaláyà ṣe gómìnà ilẹ̀ Júdà. Jeremáyà 40:11 ni kí ẹ wò.