Àwọn Àgbà Bọ̀, Wọ́n Bọ̀ Sórí WhatsApp

Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí ẹni tó ń pe ìrun ládùúgbò wa tó parí ìpè rẹ̀, àwọn àgbà Yorùbá ti jókòó sórí fóònù mi. Bàbá kan náà ni wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀: irùngbọ̀n funfun, fìlà abetí ajá, ojú tó ń wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Lábẹ́ bàbá yìí ni mo ti kà á lọ́jọ́ kan pé, "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní Róòmù kò di ìlú ńlá lọ́jọ́ kan." Mo ronú kan gbogbo àgbà tí mo bá láyé ní Ṣakí, n kò sì rántí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó dé Róòmù, Páràkú ní orílẹ̀-èdè Benin ni èyí tó rìn jìnnà jù nínú wọn ń ná. Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà tún padà wá láti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe kó gbogbo ẹyin wa sínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Adìyẹ ilé wa kò tíì gbọ́ o. Ojú kan náà ló ń yé tirẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń pa á.

Àṣà tó gbòde báyìí ni pé kò sí ẹni tó lè kọ létà ìwáṣẹ́, tàbí ìkíni ọjọ́ ìbí, tàbí ìwé tí onílé máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, láìkọ́kọ́ to òwe méjì mẹ́ta síwájú rẹ̀ bí ẹni to ọmọ ìyàwó. Òwe ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ilé ẹni. Ó gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti pa gbó, bíi gèlè àyálò tó ti dé orí ogójì ìyàwó kó tó kan orí tiwa. Nígbà tí onílé tí mo yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan fẹ́ fi kún owó ilé, gbólóhùn tó fi ṣí ìwé rẹ̀ ni pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, n kò rí ibi tí ọmọdé ti gbọ́n nínú rẹ̀. Iye owó nìkan ni mo rí.

Ti aládùúgbò wa kan ló tilẹ̀ dùn mí jù. Iná jó ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ, kí èéfín sì tó tán, nǹkan bí ogún ènìyàn ti fi ìkíni ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì kọ: "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọkùnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi wọ́n, ìlú wo ni mo ti jọba?" Òtítọ́ ló sọ. Ohun tó mú kí ilé ọba tó jó lẹ́wà sí i ni pé gbogbo ìlú ni yóò dìde sí i, tí àwọn ìjòyè yóò dá owó, tí agbolé kọ̀ọ̀kan yóò sì yọ ọkùnrin sílẹ̀ láti wá po amọ̀. Òwe náà ní òṣìṣẹ́ nínú. Nínú gbogbo àwọn tó fi ránṣẹ́, kò sí ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún náírà kan tẹ̀ lé e.

Láyé àtijọ́, bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, yóò kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe", àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, "O ó rí òmíràn pa." Lónìí, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún gbé òwe sórí status láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì di àgbà náà. Òwe tó ti wà kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú, wákàtí 24 ni wọ́n yọ̀ǹda fún un, lẹ́yìn èyí ó di àwátì.

Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, kọ́kọ́ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Nígbà tí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ jáde ní 1852, òwe pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n wà lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀, kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ìwé Yorùbá tí ènìyàn lè dà wọ́n kọ nínú rẹ̀ kò tíì pọ̀ nígbà náà. Etí ni wọ́n fi ń kó o jọ. Àwa tí ìyá àgbà wa wà láàyè nínú yàrá kejì, Google ni à ń bi.

Ní ilé tiwa ní Ṣakí, gbodo ni ìyá àgbà mi ń ṣe tà. Wọn a bẹ iṣu, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, wọn a sì kó o lọ sá sórí àpáta tó gbóná bí ààrò, títí yóò fi gbẹ dáadáa kí ó tó di èlùbọ́. Lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, wọ́n ní kí àbúrò bàbá mi sáré lọ kó gbodo wọlé. Ó ní òun ń bọ̀, ó ku ọmọ ayò mẹ́rin kí òun jẹ. Òjò kò dúró de ayò. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmàlà tó ń rùn ni gbogbo ilé jẹ, láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ní òun ń bọ̀ nílé wa ti máa ń gbọ́ èsì kan ṣoṣo: "Gbodo ṣì wà lórí àpáta o!" Bàbá mi kọ ọ́ sí mi ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì kọ ohun mìíràn sínú létà náà àyàfi orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n fi í ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ nígbà tí ìwé ìgbélùú wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, síbẹ̀ òjò wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà wà nínú rẹ̀, àbúrò bàbá mi náà sì wà níbẹ̀ tòun ti ọmọ ayò lọ́wọ́.

Ajá ni àwọn ará ilé kejì fi ń sọ tiwọn. Tanímọ̀la ni wọ́n sọ ọ́. Bí ìyáálé bá ti fi ọ̀rọ̀ gún ìyàwó, ìyàwó kì í fèsì, yóò kàn bọ́ sí ojúde, yóò máa ké pé, "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la, máa bọ̀ wá jẹun!" títí ìyáálé yóò fi ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí pé ó pe ajá rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan wá bá mi pé òun ń wá òwe tó jinlẹ̀. Mo sọ ti gbodo fún un, mo sọ ti òjò, mo sọ ti ayò. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá onírùngbọ̀n ti dé: "Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbodo ṣì wà lórí àpáta." Kí ó tó di ọ̀sán, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fi í ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: ó ní Kristi ni àpáta, onígbàgbọ́ tó ń fara da oòrùn ìdánwò ni gbodo. Àmín kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bámúbámú.

Àbúrò ìyá àgbà mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pè mí láti Ṣakí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọmọ wọn ló ka status náà sí wọn létí. Àyà wọn ń já. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Ta ló tún ní òun ń bọ̀?"