Ìjà Ọ̀rẹ̀ kò parí sí Ọ̀rẹ̀

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé báyìí, àríyànjiyàn ogun abẹ́lé a tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn kan á ní Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá tó ṣíwájú ọmọ ogun Biafra, ló gbà wá sílẹ̀, pé bí kì í bá ṣe pé ó fi iṣẹ́ falẹ̀ ni, ọmọ ogun Biafra, ìyẹn Ìlà-Oòrùn tó yapa kúrò lára Nàìjíríà, ì bá ti dé Èkó. Àwọn mìíràn á ní ọ̀dàlẹ̀ paraku ni, pé òun gan-an ló kó ogun wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn àgbà á dá sí i pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Èrò ọkàn mi ni pé gbogbo àríyànjiyàn yìí kò tíì débi tó yẹ kó dé. Ọ̀rẹ̀ la máa ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ogun yẹn kò dúró síbẹ̀. Ó yí padà, ó gba Bìní kọjá, ó dé Asaba, ìlú àwọn tó ń sọ èdè Ìgbò létí Odò Ọya, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Asaba burú ju ohunkóhun tí ojú Ọ̀rẹ̀ rí lọ.

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bá ara wọn jà lé e lórí ni wọn kò kọ́ wọn níléèwé. Ọjọ́ 6 oṣù keje 1967 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba Nsukka, wọ́n sì ti gba Bonny létí òkun. Ibẹ̀ ni gbogbo ojú wà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ Ẹkùn Midwest, èyí tó padà di Bendel, tó sì wá pín sí Ẹdó àti Delta. Gómìnà ológun ibẹ̀, David Ejoor, kò fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ òun ṣe pápá ogun, àwọn ará ibẹ̀ náà kò sì jọ jẹ́ ẹ̀yà kan: Ẹdó wà níbẹ̀, Urhobo wà níbẹ̀, Itsekiri, Esan, Ijaw, àti àwọn tó ń sọ èdè Ìgbò ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Odò Ọya.

Ní ìdájí ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra tó tó bí 3,000 gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ìlú Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, láìsí ìjà kan tó lórúkọ. Wọn kì bá tí rí i ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí àwọn ọ̀gá ológun kan nínú Midwest fúnra rẹ̀ tó ti bá wọn mọ̀ sí i. Ejoor sá pamọ́. Ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ékòó kò rí i bọ̀ rárá.

Ẹni tó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun náà kì í ṣe Ìgbò. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Bánjọ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀rọ àti iná mànàmáná nínú iṣẹ́ ológun. Láti oṣù kìíní 1966 ni wọ́n ti gbé e jù sí àtìmọ́lé, lẹ́yìn ìfipágbàjọba àkọ́kọ́, wọ́n ní ó fẹ́ pa Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà náà. Ìlà-Oòrùn ni wọ́n tì í mọ́, Ojukwu, tó padà di olórí Biafra, ló sì dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè é lórúkọ burúkú kọ́kọ́ rò ó wò pé ọkùnrin náà ti pẹ́ lẹ́wọ̀n kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àti pé kò jẹ gbèsè ìfẹ́ kankan fún ìjọba tó tì í mọ́lé.

Nígbà tó dé Bìní, ó bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní àwọn kò wá ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni, àwọn wá dá wọn nídè ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá jókòó sí Bìní. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò tẹ̀ síwájú. Ohun tí ìjà púpọ̀ dá lé lórí nìyí. Àwọn ará ìhà kejì odò ní ibẹ̀ ló ti tà wọ́n. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ní ibẹ̀ ló ti dá wa sí.

Lójú tèmi, Bánjọ ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Kò gba ti Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, kò sì gba ti Ojukwu. Ohun tó ń wá ni Nàìjíríà mìíràn, èyí tí kò ní sí lábẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Wọlé Ṣóyínká náà wà nínú ìrònú yẹn. Ó lọ sí Énúgù nínú oṣù kẹjọ yẹn kan náà, ó rí Ojukwu, ó rí Bánjọ, ó sì gbé iṣẹ́ Bánjọ wá bá Ọbásanjọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ológun n'Ìbàdàn nígbà náà. Ọbásanjọ́ kò bá wọn lọ sí i. Wọ́n mú Ṣóyínká, ó sì lo ohun tó lé ní ọdún méjì látìmọ́lé láìjẹ́ pé wọ́n dá ẹjọ́ kankan fún un. Bánjọ ní tirẹ̀, Ojukwu ló ní kí wọ́n yìnbọn pa á ní Énúgù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú Ifeajuna, Alale àti Agbam. Wọ́n ní wọ́n ń gbìmọ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju ọjọ́ méjìlá lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Énúgù fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Nítorí náà, n kò lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè pè é ní olùgbàlà wa náà. Ọmọ ogun ẹlòmíràn ló kó wá, ìbọn ẹlòmíràn ló gbé, ó sì rò pé bí òun bá ti dé, Yorùbá á dìde bá òun. Ta ló bi Yorùbá? Ta ló bi àwọn Ẹdó àti Urhobo tí wọ́n jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá àjèjì ológun lójú títì wọn? Ẹni tó bá fẹ́ dá èèyàn nídè yẹ kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe Bánjọ nìyẹn lójú mi, ó sì tóbi ju pé ó pẹ́ ní Bìní lọ.

Wọ́n máa ń bi mí pé, "Ká ní wọ́n dé Èkó ńkọ́?" Ìdáhùn mi ni pé ìkọlù náà ti kùnà kí wọ́n tó rí Ọ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ tó dé, ọkàn Yorùbá kò papọ̀ lórí ogun yìí. Awólọ́wọ̀ ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún pé bí Ìlà-Oòrùn bá kúrò, Ìwọ̀-Oòrùn náà kò ní dúró. Àwọn aṣáájú wa ti ń pariwo pé kí àwọn ọmọ ogun Àríwá kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Ká tiẹ̀ sọ pé Awólọ́wọ̀ ti wọ ìjọba Gowon nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lásán kò rí ọ̀rọ̀ náà bí ìjà tiwọn. Ìjọba àpapọ̀ gan-an ń pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá, kì í ṣe ogun, nígbà yẹn ni. Ọjọ́ tí wọ́n gba Bìní ni gbogbo ìyẹn dópin. Gowon kéde ogun àjàkú akátá. Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọṣẹ́ ológun. Ọgbọ́n ogun ni ìkọlù yẹn jẹ́ lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó sọ àwọn tí kì í ṣe ọ̀tá di ọ̀tá láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró, ní oríta tí ọ̀nà Èkó, Bìní àti Oǹdó ti pàdé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ogun kejì sílẹ̀, wọ́n fi Murtala Muhammed ṣe olórí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn padà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ni Bìní padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni Albert Okonkwo, dókítà tí Ojukwu fi ṣe alábòójútó Midwest, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ẹkùn náà ti di orílẹ̀-èdè olómìnira.

Ibí yìí ni ìtàn tiwa máa ń dákẹ́ sí. Ọmọ ogun wa borí, ó tán.

Kò tán o. Ní Bìní fúnra rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn Ìgbò jáde nílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pa wọ́n, àwọn aráàlú kan sì ń nawọ́ sí ilé aládùúgbò wọn fún àwọn ológun. Nígbà tí oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé Asaba. Àwọn ọmọ ogun Biafra ti sá kọjá odò, wọ́n sì ti fọ́ afárá lẹ́yìn ara wọn. Àwọn ará Asaba ló kù nílé. Wọ́n ń pa wọ́n láti ọjọ́ 5. Àwọn àgbà ìlú wá gbìmọ̀ pé kí gbogbo ìlú jáde lọ kí àwọn ọmọ ogun káàbọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn kò bá ìjọba jà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, tọkùnrin tobìnrin jáde nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní akwa ocha, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin Nàìjíríà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ogun ya àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Ogbe-Osowa, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Àwọn tó ti ṣèwádìí jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní àwọn tó kú ní Asaba lóṣù yẹn á tó 500, wọ́n sì lè tó 1,000. Ilé kan wà tó jẹ́ pé bàbá àti gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ ló lọ lọ́jọ́ kan.

Ní 2002, Gowon tọrọ àforíjì. Ọdún 35 ti kọjá kí ìyẹn tó wáyé. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n fi ẹnikẹ́ni jófin.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ogun ni, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbógun wá. Jọ̀wọ́, àwọn wo? Ará Asaba kò gba orí afárá wá láti Onitsha. Ará Midwest ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sọ pé wọ́n ń wá gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Biafra gan-an. Orin Nàìjíríà ló wà lẹ́nu wọn. Bí ẹni tó ń kọrin orílẹ̀-èdè rẹ bá kú lọ́wọ́ ọmọ ogun rẹ, n kò mọ àlàyé tó kù fún ọ láti ṣe.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń sọ ti Asaba láìfẹ́ dárúkọ ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ. Ìyà jẹ àwọn Ẹdó, Urhobo àti Itsekiri láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Biafra fi wà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹni tí wọn kò yàn ṣe olórí wọn. Àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìhà yòówù kó ti wá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń pín ìrántí wa. Ọdọọdún, ní ọjọ́ 29 oṣù keje, a máa ń rántí Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa ní 1966, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí ọjọ́ kan ya sọ́tọ̀ tí a ó fi jókòó, ká sọ̀rọ̀ Bánjọ láìbú ara wa. Àìmọye ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlà-Oòrùn ló sì ń dúró jẹun ní Ọ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ Asaba àti Onitsha ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ra ẹ̀bà àti ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ó yẹ kí ilé ìrántí kan wà ní oríta yẹn, kékeré náà ti tó, tí wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sí: ẹni tó wá, ẹni tó dá wọn dúró, àti ohun tí àwọn tó dá wọn dúró lọ ṣe ní Asaba.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí a lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti ń súnmọ́ 80 báyìí. Bí bàbá yín, ìyá yín, tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá gbé ní Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Òkìtìpupa tàbí Bìní lọ́dún yẹn, tàbí tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ogun kejì, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ má ṣe dúró nígbà tí wọ́n bá ti sọ ti Ọ̀rẹ̀ tán. Ẹ bi wọ́n pé, lẹ́yìn Bìní, ibo lẹ gbà lọ, kí lẹ sì rí níbẹ̀?