Ikú Yá Ju Ẹ̀sín: Lójú Ta?

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹnu ẹni tí ara rẹ̀ le ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde: “Kí wọ́n máa wẹ̀ fún mi bí ọmọ ọwọ́? Kí Ọlọ́run ti mú mi lọ kó tó dà bẹ́ẹ̀.”

Àwọn kan ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n. Nǹkan márùn-ún ni EQ-5D, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera, ń bèèrè: ìrìn, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ fúnra ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti ìbalẹ̀ ọkàn. Lọ́dún 1993, wọ́n bi nǹkan bí 3,000 ará ìlú ní Bìrìtéènì pé: ká ní ọdún 10 ló kù fún ọ nínú irú ipò àìlera tí a ṣàpèjúwe fún ọ yìí, mélòó lo máa yọ̀ǹda nínú ẹ̀ kí ara rẹ lè dá ṣáṣá fún ìyókù? Ẹni tó bá yọ̀ǹda 4 ti sọ pé 0.6 ni ipò náà tó lójú òun. Ìlera pípé jẹ́ 1, ikú jẹ́ òdo.

Òwe ní ẹ̀sín ló burú jù. Ìrora làwọn ará ìlú yẹn mú. Ìrora tó le koko gé 0.386 kúrò nínú 1 yẹn, nígbà tí àìlèwẹ̀ àti àìlèwọṣọ fúnra ẹni gé 0.214 péré. Kódà ọkàn tó dàrú pátápátá jù ú lọ. Síbẹ̀ òwe ò parọ́ tán: nígbà tí márààrún burú dé góńgó, iye tó jáde fi 0.594 wà nísàlẹ̀ òdo. Ikú yá ju ìyẹn lójú wọn.

Ẹni tó wà nínú ẹ̀ gan-an ńkọ́? Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Aláìsàn sábà máa ń fún ipò ara rẹ̀ ní iye tó ga ju èyí tí ará ìta fún un lọ. Àìlèrìn a máa mọ́ni lára. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í mọ́ni lára bẹ́ẹ̀.

Iye tí ará ìlú fi sí i ni àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣírò bóyá oògùn kan tó owó rẹ̀. Ìyẹn ò burú lójú mi; ẹni tó ń sanwó yẹ kó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Inú ilé ni mi ò ti fara mọ́ ọn. Bí bàbá bá wà lórí ibùsùn, tí ẹ̀yin ọmọ ń pàdé ní pálọ̀, tí ẹ ń sọ pé ìyà yìí ti pọ̀ jù fún un, ẹ kọ́kọ́ wọ yàrá lọ bi í. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn tó ń ro ó lóru ló ń dà á láàmú, kó má jẹ́ ọwọ́ ọmọ tó ń wẹ̀ fún un rárá.