Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í bá ooru lọ

"Ṣáà ti sè é kó hó dáadáa, kò sí ewu mọ́." Ní Ìsánlú, ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà nìyẹn lórí omi kànga. Ìdájí ni wọ́n máa ń gbé e kaná. Tó bá tutù, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú àmù, ọkàn wọn á balẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Omi híhó ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti taifọ́ọ̀dù, ẹ má torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí pa iná.

Ṣùgbọ́n májèlé kan wà tó lè wà nínú omi kànga, ásẹ́níìkì ni wọ́n ń pè é. Òun kì í ṣe kòkòrò. Kò lẹ́mìí tí iná máa gbà. Inú òkúta ló wà, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń yọ́ ọ wá díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí ọbẹ̀ tí iyọ̀ ti pọ̀ jù: tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí iná kó máa hó, ṣé iyọ̀ á lọ? Omi ló ń lọ. Ọbẹ̀ á gbẹ, á tún wá níyọ̀ lẹ́nu sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ásẹ́níìkì ń ṣe nínú ìkòkò, aṣọ funfun ò sì lè mú un.

Ẹ má sọ pé ojú yín mọ omi tó dáa. Kò láwọ̀, kò rùn, kò dùn, kò korò. Gíráàmù kan péré tó láti gbé táńkà omi mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà, dé ibi tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ààlà ásẹ́níìkì nínú omi mímu sí. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh ní Éṣíà, láti bí ọdún 1970 síwájú, wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù káàkiri kí omi odò ìdọ̀tí má baà pa ọmọdé. Omi náà mọ́ gaara. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí ásẹ́níìkì nínú rẹ̀.

Kì í yára, ìyẹn ló burú. Ó lè tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí awọ ara tó yí padà: ara á dúdú, á tún ní tóótòòtó funfun, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á le, á yọ kókó. Ọwọ́ àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti sọ di líle tẹ́lẹ̀, ta ni yóò fura? Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ní ìlú Antofagasta ní orílẹ̀-èdè Chile, wọ́n mu irú omi yìí láti 1958 sí 1970. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti tún omi ṣe, jẹjẹrẹ ṣì ń pa wọ́n ju àwọn ìlú yòókù lọ.

Kí ló kàn wá? Wọ́n ń wa góòlù nílẹ̀ Yàgbà, níbi tí Ìsánlú wà, òkúta tó ń gbé góòlù sì sábà máa ń gbé ásẹ́níìkì pọ̀. Mi ò sọ pé kànga yín ní i o. Àyẹ̀wò láàbù nìkan ló lè sọ.

"Ṣé n ò ní fi wẹ̀ mọ́ ni?" Ohun tí ìyá àgbà bi mí nìyẹn. Tí àyẹ̀wò bá tiẹ̀ rí i, ẹ lè fi wẹ̀, ẹ lè fi fọṣọ. Mímu àti oúnjẹ sísè ni kẹ́ ẹ wá omi mìíràn fún. Omi òjò tẹ́ ẹ gbè láti orí páànù tó mọ́ kò bá òkúta abẹ́ ilẹ̀ pàdé rí. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé kaná.